Jẹ́ Kí Gbohùngbohùn Ráyè Wí Tirẹ̀

Jókòó síbí, ọkọ mi. Gbé gìtá yẹn lé orí bẹ́ẹ̀dì, má gbé e ti ògiri, àwọn ọmọ kékeré ń sáré kiri nínú ilé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ bá ọ jà díẹ̀, mo sì fẹ́ kí o jẹ́ kí n jà á tán kí o tó fèsì.

Ṣé o mọ̀ pé gbogbo ohun tí o ta ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú ni mo gbọ́? Ẹ̀gbẹ́ sípíkà gan-an ni mo jókòó sí. Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, tí o gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọrùn gìtá, tí o ń fi orí ìka kan okùn lókè lódò, inú mi dùn débi pé mo fọwọ́ tọ́ obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ní, "Ọmọ àbúrò mi nìyẹn o." Ṣùgbọ́n a kò tíì dé ẹsẹ kejì orin tí o ti fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ gbohùngbohùn, pẹ́dàlì tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní delay, o sì ti yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin. Ohùn wá ń gun orí ohùn. Èyí tí o ta tẹ́lẹ̀ kò tíì lọ, o ti ta mẹ́wàá mìíràn lé e lórí. Àwọn akọrin kò mọ ibi tí wọn yóò ti wọlé. Onílù ń wo ojú rẹ, ìwọ ń wo ìka rẹ. Ọmọ mi, kí ni gìtá ṣe fún ọ?

Má fajú ro. Bí mi ò bá fẹ́ràn rẹ ni, màá kàn sọ pé "o ṣeun, Ọlọ́run á bù sí i," màá sì gba ilé mi lọ. Ẹni tó ń yìn ọ́ lójoojúmọ́ kò ní í tìtorí orin rẹ pàdánù oorun. Èmi ò sùn. Mo dùbúlẹ̀, mo ń rò ó pé ọmọ yìí ní ìka, ó ní etí, kí ló wá dé tí kò fẹ́ simi?

Màmá Ìkàrẹ́ ni gbogbo yín ń pè mí, ẹ sì máa ń rò pé iyán àti ọbẹ̀ nìkan ni mo mọ̀. Ẹ ti gbàgbé pé fìsíìsì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìntì. Ẹ ti gbàgbé pé èmi ni mò ń ṣáájú ègbè nínú kúáyà kí ìyá rẹ tó lọ́kọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, ìmọ̀ méjèèjì ló dà pọ̀ níbẹ̀, nítorí náà fi fóònù yẹn sápò.

Lákọ̀ọ́kọ́, mi ò bá ọ jà nítorí pé o ń fi ọwọ́ méjèèjì kan okùn. Àwọn alàgbà tó ní gìtá kì í ṣe dùùrù kò mọ ìtàn ni. Ará Amẹ́ríkà kan wà, Emmett Chapman lorúkọ rẹ̀. Ní 1969 ló rí i pé bí òun bá gbé ọwọ́ ọ̀tún wá láti òdì kejì ọrùn gìtá, tí ìka ọwọ́ méjèèjì sì dojú kọ okùn bákan náà, ọwọ́ kọ̀ọ̀kan lè máa dá orin tirẹ̀ ta. Ọwọ́ kan kò tún ní láti máa tẹ okùn kí èkejì máa fà á. Bí ìka bá ti kan okùn mọ́ irin ọrùn, ohùn ti jáde nìyẹn. Ó wá ṣe ohun èlò tuntun fún iṣẹ́ náà, ọrùn gbọọrọ tí kò ní ikùn, tí ènìyàn ń gbé kọ́ ara ní ìnàró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún àwọn olórin ní 1974. Chapman Stick ni wọ́n ń pè é. Èyí tó wọ́pọ̀ ní okùn mẹ́wàá, márùn-ún fún bèèsì, márùn-ún fún ohùn òkè. Tony Levin gbé e wọ inú ẹgbẹ́ King Crimson, ayé gbọ́ ọ. Chapman fúnra rẹ̀ kú ní 2021, ó sì ti rí i kí ó tó kú pé àwọn ènìyàn ń ta ohun èlò òun káàkiri ayé.

Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ sọ pé o kò lówó Stick. Ta ló bi ọ́? Stanley Jordan tó gbé àwo Magic Touch jáde ní 1985, gìtá bíi tìrẹ ló lò, ọwọ́ méjèèjì ló fi kàn án, ó sì dá orin méjì ta lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí tó. Ohun tí kò tó ni sùúrù.

Gbà, rọ́bà irun mi rèé. Fi de okùn gìtá yẹn níbi tí ọrùn ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́bàá orí. Bẹ́ẹ̀ ni, rọ́bà irun. Ìdí tí ohùn rẹ fi ń pariwo lódì ni pé nígbà tí o bá ká ìka kúrò lórí okùn, okùn tó ṣófo ń dún lẹ́yìn rẹ láìjẹ́ pé o rán an níṣẹ́. Chapman fi nǹkan tó ń pa okùn lẹ́nu mọ́ síbẹ̀ láti ilẹ̀ wá. Gìtá tìrẹ kò ní in, àfi kí o fún un. Bí rọ́bà bá ti wà níbẹ̀, ibi tí ìka bá kàn nìkan ni yóò máa dún. Kí o sì gbé gìtá yẹn fún ẹni tó ń tún un ṣe, kó sọ okùn kalẹ̀ kó sún mọ́ irin ọrùn dáadáa. Mo rí bí o ṣe ń fi agbára gbá a lọ́jọ́ Àìkú, tí iṣan ọrùn rẹ ń yọ. Kò gba agbára. Bí okùn bá sún mọ́ irin, ìka yóò kàn bọ́ sí i ni.

Nísinsìnyí, wo ẹwà tó wà nínú ohùn tí ìka bá fi kíkàn mú jáde. Ẹnu rẹ̀ mú. Ó ń jáde lójijì, ó sì tètè ń rẹ̀. Èyí ló mú kó bá ẹ̀rọ gbohùngbohùn mu ju ohùn gìtá tí wọ́n fà lọ. Ohùn tó gùn yóò ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ìdáhùn ẹ̀rọ bá dé, àwọn méjèèjì á sì di ọ̀kan, etí kò ní í mọ ta ni ta ni. Ohùn tó kúrú yóò ti kúrò lójú ọ̀nà. Ìdáhùn á bọ́ sí ibi tó mọ́ tónítóní, yóò dà bíi pé ẹlòmíràn ló ta á. Ọlọ́run ti fún ọ ní ohun tí àwọn mìíràn ń wá, ìwọ wá fi ọ̀pọ̀ títa bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ọ̀kà ló yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé. Ibo ni ènìyàn yíjú sí ní Ọ̀kà tí kò rí àpáta? Nígbà tí o wà ní kékeré, ṣebí o máa ń pariwo orúkọ ara rẹ sí òkè, tí òkè á sì dá a padà fún ọ. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 340 láàrín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Dúró ní mítà 68 sí ojú àpáta, kí o pàtẹ́wọ́. Ìró á rin 68 lọ, á rin 68 bọ̀, 136 lápapọ̀. Pín 136 sí ọ̀nà 340. Ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan ló gbà kó tó padà sí etí rẹ. Bí a bá fi mílísẹ́kọ́ǹdì kà á bí pẹ́dàlì rẹ ṣe ń kà á, 400 nìyẹn. Bí o bá sún mọ́ àpáta ju mítà 17 lọ, etí kò ní í lè ya pípa àtẹ́wọ́ àti ìdáhùn sọ́tọ̀ mọ́.

Àpáta ló wà nínú pẹ́dàlì rẹ, ọmọ mi. Bọ́tìnnì àkọ́kọ́ ń sọ bí àpáta ṣe jìnnà tó. Èkejì ń sọ iye ìgbà tí àpáta yóò tún ọ̀rọ̀ sọ. Ẹ̀kẹta ń sọ bí ohùn àpáta ṣe ròkè tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìrẹ. Ìwọ gbé àpáta jìnnà láìwọn ibi tó wà, o ní kó máa tún ọ̀rọ̀ sọ láìdákẹ́, o sì ní kó pariwo bíi tìrẹ gẹ́lẹ́. Bọ́tìnnì kejì yẹn gan-an, bí o bá yí i kọjá ààlà, kàkà kí ohùn máa rẹ̀, ńṣe ni yóò máa pọ̀ sí i títí yóò fi di igbe. Igbe yẹn la gbọ́ lákòókò ọrẹ. Mo rí ìyá arúgbó kan tó di etí mú.

Kí ẹ̀rọ kékeré wọ̀nyí tó dé, téèpù ni wọ́n fi ń ṣe é. Téèpù á kọjá níwájú orí tó ń gba ohùn sílẹ̀, á rìn díẹ̀, á dé iwájú orí mìíràn tó ń gbé e jáde. Bí téèpù ṣe yára sí àti bí orí méjèèjì ṣe jìnnà síra ni yóò sọ bí ìdáhùn yóò ṣe pẹ́ tó. Ilé-iṣẹ́ Roland gbé ẹ̀rọ Space Echo jáde ní 1974, ọdún kan náà tí Chapman bẹ̀rẹ̀ sí í ta Stick. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni ilé-iṣẹ́ Boss wá ṣe DD-2, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tó sì lè dá ohùn dúró dé mílísẹ́kọ́ǹdì 800. Láti ìgbà yẹn ni ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan ti ń gbé àpáta sínú báàgì kiri.

Àwọn tó kọ́kọ́ fi í gbé ijó dìde mọ ohun tí ìwọ kò tíì mọ̀. Ní Kingston, ní Jàmáíkà, láàrín àwọn ọdún 1970, King Tubby kò fi ohun kankan kún orin tí wọ́n bá gbé wá fún un. Ó ń yọ nǹkan kúrò ni. Yóò yọ ohùn akọrin, yóò yọ gìtá, yóò ku bèèsì àti ìlù. Lẹ́yìn náà ni yóò jẹ́ kí ẹyọ ohùn gìtá kan ṣoṣo yọjú, yóò sì rán an sínú gbohùngbohùn, kó máa lọ nínú àyè tó ti ṣófo yẹn. Àyè ló kọ́kọ́ ṣe. Tony Allen, onílù wa, ọmọ Èkó, gba ọ̀nà yẹn nígbà tó ń ṣe àwo NEPA láàárín àwọn ọdún 1980, ìlù rẹ̀ sì fẹ̀ bí ojú pápá. Lọ gbọ́ ọ. Fi etí méjèèjì gbọ́ ọ, kí o sì sọ fún mi iye ohùn gìtá tí o gbọ́ láàrín ẹsẹ̀ ìlù kan.

Àbí o fẹ́ kí n fi ti ilé ṣàpẹẹrẹ? Sunny Adé, ọmọba Oǹdó, ìpínlẹ̀ wa níbí. Àwo rẹ̀ Juju Music jáde ní 1982, Synchro System tẹ̀ lé e ní 1983, ilé-iṣẹ́ Island ló gbé méjèèjì jáde, Martin Meissonnier ará Faransé ló sì bójú tó wọn. Àwọn òyìnbó gbọ́ ọ, wọ́n ní irú kí ni èyí, gìtá pọ̀ tó báyìí kò sì sí èyí tó ń di èkejì lọ́nà. Kí ló fà á? Olúkúlùkù gìtá ló ní gbólóhùn kékeré tirẹ̀. Èyí á bèèrè, tọ̀hún á dáhùn, ẹ̀kẹta á bọ́ sí àárín àwọn méjèèjì, bèèsì á dúró nísàlẹ̀, Demola Adepoju á sì fi gìtá onírin tirẹ̀ fà á gùn lókè. Kò sí ẹni tó ń ta púpọ̀ nínú wọn. Bí o bá mú ẹnì kan jáde kó dá tirẹ̀ ta, ìwọ á ní ṣé gbogbo ohun tó mọ̀ nìyẹn? Dá a padà sáàárín àwọn yòókù, ìdí rẹ á gbéra lórí àga. Orlando Owoh náà nìyẹn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ará Ìfọ́n, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ará Ọ̀wọ̀, kò jìnnà sí wa rárá. Gìtá rẹ̀ kì í kánjú. Ó máa ń dúró de ọ̀rọ̀ kó parí kó tó dá sí i.

Ohun tí mo fẹ́ kí o gbọ́ rèé, gbogbo ariwo tí mò ń pa láti àárọ̀, òun ni mo ń pa á fún. Ìwọ nìkan lè jẹ́ gìtá mẹ́ta. Ọwọ́ òsì rẹ ni bèèsì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni tẹ́nọ̀ àkọ́kọ́. Pẹ́dàlì yẹn ni tẹ́nọ̀ kejì. Ènìyàn ni kí o kà á sí, ẹni tó ń tẹ́tí, tó ń dáhùn, tó sì nílò àyè tirẹ̀. Ṣé o máa ń bá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìyá rẹ kò tọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Mú ìwé, kí o kọ ọ́ sílẹ̀.

Jẹ́ ká sọ pé ẹsẹ̀ oníjó ń balẹ̀ ní ìgbà 100 láàrín ìṣẹ́jú kan. Mílísẹ́kọ́ǹdì 60,000 ló wà nínú ìṣẹ́jú kan. Pín in sí ọ̀nà 100, ẹsẹ̀ kan sí èkejì jẹ́ 600. Ìlù wa tó ń yí, èyí tí agogo máa ń kà dé 12 kó tó padà sílé, ń pín ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, 200, 200, 200. Gbé pẹ́dàlì sí 400. Ibi tí mo ní kí o dúró sí níwájú àpáta Ọ̀kà nìyẹn. Kí o wá fi ìka kan okùn lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀, kí o sì gba pẹ́dàlì láyè ìdáhùn méjì. Ìdáhùn àkọ́kọ́ yóò bọ́ sí 400, ìdá kẹta ẹsẹ̀ yẹn. Ìdáhùn kejì yóò bọ́ sí 800, ìdá kejì ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ìwọ ń ta ẹyọ kan lẹ́sẹ̀ kan, gbogbo ìdá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kún, ìdáhùn àkọ́kọ́ rẹlẹ̀ ju títa rẹ lọ, èkejì sì rẹlẹ̀ ju àkọ́kọ́ lọ, tó jẹ́ pé etí á máa gbọ́ ohun tó ń lọ sókè sódò láìsí pé ìka rẹ ṣe wàhálà kankan. Bí o bá yí ẹyọ tí o ń ta padà, bí àpẹẹrẹ ohùn òkè lẹ́sẹ̀ yìí, ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́sẹ̀ tó kàn, ìdáhùn tòkè yóò máa bọ́ sáàárín tìsàlẹ̀, wọn á sì hun ara wọn pọ̀. Orin tí o kò ta ni wàá máa gbọ́.

Bí ìlù bá jẹ́ èyí tó ń pín sí méjì àti mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ ń balẹ̀ ní 120, ẹsẹ̀ kan jẹ́ 500, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 250. Gbé pẹ́dàlì sí 375, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ẹsẹ̀ náà, kí ìdáhùn jẹ́ ẹyọ kan. Máa ta ní gbogbo 250, gírígírí, láìyẹ̀. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan á máa bọ́ sáàárín gbùngbùn títa méjì, etí á sì máa gbọ́ ohùn ní gbogbo 125. Ó ti di ìlọ́po méjì iṣẹ́ ọwọ́ rẹ. Àwọn onígìtá ilẹ̀ òkèèrè fẹ́ràn èyí gan-an. Èmi fẹ́ràn 400 yẹn jù, nítorí pé ijó ilé wa wà nínú rẹ̀, mi ò sì ní í fi ìyẹn pamọ́ fún ọ.

Onílù wa ńkọ́? Ó ń gbóná bí ẹ̀mí bá bà lé ìjọ, gbogbo wa sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bẹ̀rẹ̀ ní 100 lè dé 108 kí orin ìyìn tó parí, pẹ́dàlì tí o fi sí 400 yóò sì máa dáhùn sí ìlù tó ti kọjá lọ. Lójú mi, ìdí kejì tí nǹkan fi dàrú lọ́jọ́ Àìkú nìyẹn. Ibi tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ láti fi ìwọ̀n ìlù han pẹ́dàlì wà lára tìrẹ, mo rí i. Lò ó. Bí o bá rí i pé onílù ti sáré, simi fún ẹsẹ̀ mẹ́rin, tẹ ìwọ̀n tuntun, kí o padà wọlé. Kí o sì ní kí wọ́n jẹ́ kí onílù máa gbọ́ ìdáhùn pẹ́dàlì nínú sípíkà tirẹ̀. Bí ó bá ń gbọ́ ọ, yóò dì í mú, òun fúnra rẹ̀ kò ní í fẹ́ sá.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́. Bí orin bá yí kọ́ọ̀dù, ìdáhùn tó kù lẹ́nu pẹ́dàlì ṣì ń sọ ti kọ́ọ̀dù àtijọ́. Bí ìdáhùn bá jẹ́ méjì péré, kò ní í pẹ́ kó tó lọ. Bí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ìjà ni. Àwọn ohùn kan wà tó bá kọ́ọ̀dù méjèèjì mu. Wá wọn, kí o máa fi wọ́n kọjá ẹnu ààlà. Ní ti orin tó ń dúró sójú kan pẹ́, irú èyí tí jùjú fẹ́ràn, o lè jẹ́ kí ìdáhùn pọ̀ díẹ̀.

Má sì jẹ́ kí bèèsì wọ inú gbohùngbohùn. Gbọ́ mi dáadáa. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá ń tún ara rẹ̀ sọ, ẹrẹ̀ ló máa ń dà. Àwọn tó ní Stick ní wáyà ọ̀tọ̀ fún bèèsì, ọ̀tọ̀ fún ohùn òkè, wọ́n lè rán òkè nìkan lọ sínú ẹ̀rọ. Wáyà kan ṣoṣo ni gìtá tìrẹ ní, nítorí náà ọgbọ́n ni wàá lò. Gbé pẹ́dàlì tó ń dín ohùn kù, tó sì ń fi kún un, síwájú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ẹsẹ̀ rẹ máa ṣí ilẹ̀kùn fún èyí tí o fẹ́, kó máa tì í fún èyí tí o kò fẹ́. Ohùn tó ti wọlé á máa dáhùn lọ bí o tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lẹ́yìn. Bí èyí bá nira, fi bèèsì sílẹ̀ fún oníbèèsì. Ọmọ yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, o kò kàn fún un láyè ni.

Ilé ìjọsìn náà ní tirẹ̀. Páànù lókè, sìmẹ́ǹtì nísàlẹ̀, gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́: gbogbo wọn ló ń dá ohùn padà kí pẹ́dàlì rẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá sí ènìyàn níbẹ̀, ìró máa ń pẹ́ kó tó kú, nítorí náà má ṣe gbé ohùn pẹ́dàlì lé ibi tó dùn mọ́ ọ nígbà tí ẹ bá ń gbáradì nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo. Nígbà tí ìjọ bá kún, ara ènìyàn á mu ohùn, wàá sì tún un ṣe. Jókòó sí àárín ìjọ, kí ẹlòmíràn ta á, kí o fetí ara rẹ gbọ́ ọ. Bátìrì onívóòtì 9 kò gbọ́dọ̀ wọ́n ọ nínú báàgì o. Iná lè lọ nígbàkígbà, jẹnẹrétọ̀ sì máa ń fi ariwo tirẹ̀ sí ohùn gìtá.

Ìyá rẹ pè mí lánàá. Ó ní o kì í sùn, pé láti ìgbà tí o bá ti ti ilé ìwé ní Àkùngbá dé, gìtá ni títí di òru, pé o ń fi ìwé ṣeré. Mo ní kó fi ọ́ sílẹ̀ fún mi. Mo ní ọmọ tó ní ohun tó ń lé e kiri bẹ́ẹ̀, kò sọnù. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ jẹun, o sì gbọ́dọ̀ yege, kí n lè máa rí ẹnu sọ̀rọ̀. Má ṣe dójú tì mí níwájú àbúrò mi.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o ṣe nígbà tí o bá padà sí Ọ̀kà. Má mú gìtá dání. Mú agogo kan, kí o lọ sí ibi tí àpáta ti dúró ṣánṣán, níbi tí ọkọ̀ kò ti ní í dí ọ létí. Lu agogo lẹ́ẹ̀kan, kí o fetí sílẹ̀ kó dé. Rìn sẹ́yìn, lù ú, rìn síwájú, lù ú, títí ìdáhùn yóò fi bọ́ sí ibi tí ijó fẹ́ ẹ gan-an. Dúró síbẹ̀, kí o máa lù ú lójú ìlù, kí àpáta máa dá ọ lóhùn, kí o máa fi ẹsẹ̀ kà á. O kò ní bọ́tìnnì kankan láti yí níbẹ̀. Bí o bá lu agogo jù, kò sí ohun tí wàá gbọ́, àpáta kì í bá ènìyàn du ọ̀rọ̀. Bí etí rẹ bá ti mọ bí ó ṣe rí láti dúró de ìdáhùn, ìka rẹ yóò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́bọ̀ ni kúáyà ń gbáradì, mo sì ti sọ fún ọ̀gá kúáyà pé màá wá. Iwájú ni màá jókòó sí. Mo ti bá oníbèèsì sọ̀rọ̀, mo ti ní kí onílù bẹ̀rẹ̀ ní 100, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì í sáré. Orin ìyìn kejì, èyí tí àwọn ìyá máa ń jó sí jù lọ, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn ìyá bá dìde, o yege nìyẹn. Bí wọ́n bá jókòó, a óò tún un ṣe ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.

Ó yá, gbé gìtá rẹ. Ṣé rọ́bà yẹn dì í dáadáa? So pẹ́dàlì mọ́ ọn. 400. Ìdáhùn méjì, kí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ sí tìrẹ díẹ̀. Rárá, má tíì fi ọwọ́ òsì sí i, má kánjú. Ọ̀tún nìkan, ẹyọ kan, ibi tí mo bá ti pàtẹ́wọ́.